Fọ́nrán Tí Ń Rìn Láìlẹ́sẹ̀

Ẹni tí ó bá ti wọ Kabba rí, ìbáà ṣe pé láti ìhà Lọ́kọ́ja ni ó ti wá, tàbí láti ilẹ̀ Ìjùmú, kò lè ṣàì rí àwọn òkè àpáta ńláńlá tí ó yí ìlú ká. Bí ó bá sì tẹjú mọ́ wọn dáradára, yóò rí i pé àpáta náà kì í ṣe aláwọ̀ kan. Ibì kan funfun bí eérú. Ibòmíràn ní ìlà dúdú gbọọrọ tí ó ti orí àpáta wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn kan dúró lókè tí ó sì da ìkòkò aró sílẹ̀. Nígbà tí àwa wà ní kékeré, wọ́n a máa sọ fún wa pé èéfín iná igbó ni. Ní ìgbà òjò kan tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan nínú ìjọ bi wá léèrè pé, bí ó bá jẹ́ èéfín ni, èéṣe tí òjò ọdún gbogbo kò fi fọ̀ ọ́ kúrò? A kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbé wa gbà jìn ju bí a ti rò lọ: ó mú wa dé etí adágún Chad, ó mú wa wọ yàrá ìwádìí àwọn onímọ̀ ní òkè òkun, ó sì mú wa padà wá sí ẹ̀bá ibojì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí àwa tìkára wa ti sin.

Dúdú ara àpáta náà kì í ṣe èéfín, kì í sì í ṣe àwọ̀ òkúta. Ohun alààyè ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó gbẹ, ó sì le mọ́ àpáta bí èèpo. Bí a bá fi ọ̀bẹ họ ọ́, yóò wó bí ìyẹ̀fun dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó nígbà tí òjò bá ti dá: ó ti mu omi, ó ti wú, ó sì ń yọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gun àpáta ní láti ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe irú ohun alààyè yìí ní sàyánóbakitéríà. Ìdílé bakitéríà ni wọ́n ti wá, àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ewé igi ti ń ṣe, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí sínú jáde. Dúdú tí ẹ ń rí jẹ́ aṣọ ìbòrí tí wọ́n dá fún ara wọn, kí oòrùn gangan má baà pa wọ́n lórí àpáta gbígbóná. Ẹ̀yìn aṣọ dúdú yìí ni tútù wọn wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ fọ́nrán. Èyí ni pé sẹ́ẹ̀lì kan so mọ́ èkejì, èkejì so mọ́ ẹ̀kẹta, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Nínú àwọn tí a ń pè ní Anabaena àti Nostoc, bí a bá ti ka sẹ́ẹ̀lì bíi 10 sí 20, a ó bá ọ̀kan tí ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, tí ara rẹ̀ sì nípọn. Iṣẹ́ ẹni yìí ni láti mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, kí ó sì sọ ọ́ di oúnjẹ fún gbogbo ìlà. Kò tún ní bímọ mọ́ láéláé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó sì ń fún un ní ohun tí yóò jẹ. Àwa kò mọ ẹ̀dá kékeré mìíràn tí a lè fi wé ilé tí ó ní ètò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé fọ́nrán wọ̀nyí ń rìn. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi ojú wa rí i nínú mikirosikóòpù ilé-ẹ̀kọ́ kan, a rò pé ọwọ́ wa ni ó gbọ̀n. Fọ́nrán kan tí ó tọ́ gbọọrọ bí abẹ́rẹ́ ń yọ́ lọ síwájú jẹ́jẹ́, ó dúró díẹ̀, ó sì tún ń fi ẹ̀yìn rìn padà, láìtẹ̀ ara rẹ̀ bí ejò, láìní ìrù tí ń lu omi bí ti ẹja. Àwọn mìíràn a máa yí bí wọ́n ti ń lọ, bí ìdè onírin tí a ń fi wọ inú pákó. Àwọn tí ó yára nínú wọn lè rin mikirónì 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mikirónì kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 ìdá mìlímítà. Nítorí náà, bí fọ́nrán náà kò bá dúró lọ́nà, ní wákàtí kan yóò ti rin bíi sẹ̀ntímítà 1, ìwọ̀n ìbú èékánná ọwọ́ wa. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mikirónì mélòó kan péré ni ó rin ìrìn yìí.

Kò sì máa rìn lásán. Bí a bá tẹ́ wọn sórí ágà, èyí tí í ṣe omi dídì tí a fi ewéko òkun sè, tí a sì gbé e sínú àpótí tí ó ṣókùnkùn, tí a dá ihò kan ṣoṣo sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ọjọ́ kejì a ó bá wọn tí wọ́n ti kó jọ sí ìhà ihò náà. Wọ́n mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ti sọ ìwà yìí di ìránṣẹ́ wọn. Nígbà tí a bá mú fọ́nrán láti inú omi tàbí lára àpáta, kì í dá wá. Ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn a máa lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ṣòro láti fọ̀ wọ́n kúrò. Nítorí náà onímọ̀ yóò fi í sí etí ágà kan, yóò sì tan iná sí etí kejì. Fọ́nrán yóò gbéra, yóò sì máa nu ara rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Àwọn alátẹ̀lé tí kò lè rìn yóò ṣẹ́kù sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá ti jìnnà sí wọn tó, onímọ̀ yóò gé ibi tí ó dé kúrò pẹ̀lú ágà abẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ó tó mọ́ gaara.

Báwo ni ohun tí kò ní ẹsẹ̀ ti ń rìn? Àríyànjiyàn pẹ́ lórí èyí. Ní 1998, Egbert Hoiczyk àti Wolfgang Baumeister ní Jámánì fi hàn pé ihò wẹ́wẹ́ wà ní oríkèé sẹ́ẹ̀lì àwọn fọ́nrán kan, wọ́n sì sọ pé láti inú ihò wọ̀nyí ni ó ti ń tú ohun yíyọ̀ jáde, tí ìtújáde náà sì ń tì í lọ. Àwọn mìíràn sọ pé kì í ṣe títì, fífà ni. Àwa rí i pé kò sí bí ènìyàn ti lè fi ojú wíwò nìkan parí ẹjọ́ yìí. Ó di dandan kí a lè wọ inú ilé fọ́nrán náà, kí a mú irinṣẹ́ kan kúrò níbẹ̀, kí a sì wò ó bóyá yóò tún lè rìn. Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ìyípadà ìwà ti wọlé.

Nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ohun alààyè ni ìwé ìlànà kan wà, tí a ń pè ní DNA. Bí a bá fi í wé Bíbélì, jíìnì kọ̀ọ̀kan dà bí ẹsẹ kan tí ó ní àṣẹ tirẹ̀. Ní 1928 Frederick Griffith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tí ó rú u lójú: ó pa bakitéríà tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró nípa gbígbóná, ó pò ó mọ́ irú rẹ̀ tí ó wà láàyè ṣùgbọ́n tí kò lè ṣe ibi, ó gún un sára eku, eku sì kú. Alààyè tí kò lè ṣe ibi ti jogún ìwà òkú. Ní 1944 Oswald Avery pẹ̀lú Colin MacLeod àti Maclyn McCarty ní New York fi hàn pé DNA ni ogún náà. Ní 1970 S. V. Shestakov àti N. T. Khyen ní Moscow ròyìn pé sàyánóbakitéríà kan tí ń dá gbé, tí kì í ṣe fọ́nrán, lè gba DNA láti inú omi tí ó yí i ká mì fúnra rẹ̀.

Àwọn onífọ́nrán ní tiwọn ṣe agídí. Ìdí èkíní ni pé wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ní ẹnu bodè. Nínú sẹ́ẹ̀lì wọn ni àwọn ohun kan wà tí ń yẹ DNA tí ó bá wọlé wò. Bí wọ́n bá rí àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò ní àmì ilé, wọ́n a gé e sí wẹ́wẹ́. Ní 1984 C. Peter Wolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan State University ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà gbà. Wọ́n wá alárinà. Bakitéríà inú ìfun ènìyàn tí a ń pè ní E. coli ní agbára láti nawọ́ sí bakitéríà mìíràn kí ó sì fi DNA lé e lọ́wọ́. Wọ́n kọ DNA tí wọ́n fẹ́, wọ́n yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ń gé kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi fún alárinà yìí, wọ́n sì tẹ́ òun àti Anabaena pọ̀ sórí ágà. Ó gbà á. Ní 1988 Jeff Elhai àti Wolk tún sọ ọ́ di rírọrùn: dípò kí wọ́n máa yọ ọ̀rọ̀ kúrò, wọ́n mú kí alárinà fi àmì ilé sí i kí ó tó gbé e lọ, ẹ̀ṣọ́ sì jẹ́ kí ó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ ìyàwó ní ilẹ̀ wa mọ iṣẹ́ tí alárinà rere lè ṣe!

Ìdí kejì ṣòro díẹ̀ síi. Sẹ́ẹ̀lì fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ìwé ìlànà náà púpọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sì wà lórí okùn kan. Bí ẹ̀dà kan bá yípadà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, àwọn ìyókù wà bí ti àtijọ́. Nítorí náà onímọ̀ a so jíìnì kan mọ́ DNA tuntun náà, èyí tí ń dáàbò bo ẹni tí ó bá ní i kúrò lọ́wọ́ oògùn apakòkòrò kan, yóò sì da oògùn náà sínú omi. Àwọn tí kò gba DNA yóò kú. Yóò fi ìró líle ṣẹ́ fọ́nrán sí kéékèèké, kí olúkúlùkù lè dá dúró. Yóò sì máa gbìn wọ́n léraléra nínú oògùn náà títí ẹ̀dà àtijọ́ yóò fi tán pátápátá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Àwa tí ó ti máa ń kánjú kórè ní láti mọ èyí.

Pẹ̀lú irinṣẹ́ yìí ni wọ́n fi padà sí ọ̀rọ̀ ìrìn. Nostoc kan wà tí wọ́n mú láti inú gbòǹgbò igi kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Lọ́pọ̀ ìgbà ó jókòó sójú kan; ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ ṣí lọ, tàbí tí ó fẹ́ wọ ara ewéko, a já sí fọ́nrán kúkúrú kúkúrú tí ó lè rìn, bí ikọ̀ tí ọba rán. Ní 2015 Behzad Khayatan, Jack Meeks àti Douglas Risser ní California kọ̀wé pé, nígbà tí àwọn mú àwọn jíìnì kan tí ń ṣe ìkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ikọ̀ wọ̀nyí kò lè rìn mọ́. Ìkọ́ náà ń nà jáde, ó ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń fa ara wọlé, bí adẹ́mu ti ń ju igbà rẹ̀ sókè lára ọ̀pẹ kí ó tó gbé ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n tún rí i pé ìkọ́ kan náà lọ́wọ́ nínú títú ohun yíyọ̀ jáde. Fún Nostoc yìí, àwọn tí ó sọ pé fífà ni jàre, ohun yíyọ̀ sì ní ipa tirẹ̀ nínú ìrìn náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Chad. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín, nítorí kán-ún tí ẹ̀yin ìyá wa fi ń se ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ìgbà láéláé ni ó ti ti agbègbè adágún náà wá sí ọjà gbogbo ní ìhà gúúsù. Ní àárín òkìtì yanrìn tí ó wà ní etí adágún ni àwọn kòtò omi wà tí ó kún fún kán-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun púpọ̀ kò lè gbé inú wọn. Ṣùgbọ́n fọ́nrán kan fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Arthrospira ni orúkọ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń pè é ní spirulina. Ó ká bí irun tí a fi ìka lọ́, ó sì ní àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú tí ó mú kí ó léfòó. Afẹ́fẹ́ a gbá a jọ sí etí omi, àwọn obìnrin Kanembu a sì fi igbá àti agbọ̀n bù ú, wọn a dà á sínú kòtò róbótó tí wọ́n ṣe sínú yanrìn, oòrùn a gbẹ ẹ́, wọn a sì gé e ní pẹlẹbẹ lọ sí ọjà. Dihé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń run ún sínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ ọkà. Ìwọ̀n tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá gbẹ jẹ́ irú oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, gẹ́gẹ́ bí ti ẹran àti ẹ̀wà. Ní 1940 Pierre Dangeard ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa rẹ̀, ìwé náà sì di ìgbàgbé. Láàárín 1964 sí 1965 Jean Léonard ará Bẹ́ljíọ̀mù bá a pàdé ní ọjà, ó sì jẹ́ kí ayé mọ̀. Àwọn obìnrin náà ti mọ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé.

Arthrospira yìí ni ó le jù láti yípadà. Ọ̀nà alárinà tí ó ṣe rere lára Anabaena kò ràn án tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2022 àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Lumen Bioscience ní Seattle ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé àwọn ti ṣe é, tí jíìnì tuntun sì fìdí múlẹ̀ nínú ìwé ìlànà rẹ̀ gan-an. Jíìnì tí wọ́n fi sí i ń kọ́ ọ láti ṣe ohun ìjà kékeré kan tí a ti ara llama rí, ẹran òkè òkun kan tí ó bá ràkúnmí tan. Ohun ìjà náà dojú kọ Campylobacter, bakitéríà kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ìfun adìẹ, tí ó sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọdé. Campylobacter ní ìrù, ó sì ń fi í lúwẹ̀ẹ́ nínú ìfun. Ìrù yìí ni ohun ìjà náà ń dì mú. Irú ohun bẹ́ẹ̀ lè tó ìdá 15 nínú 100 gbogbo ìwọ̀n fọ́nrán náà. Wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Kò nílò abẹ́rẹ́, kò sì nílò ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù. Ó dáàbò bo eku lọ́wọ́ àrùn náà, a sì fún àwọn ènìyàn díẹ̀ lò láti mọ̀ bóyá kò ní pa wọ́n lára. Kò pa wọ́n lára.

A bẹ̀ yín, ẹ fi etí sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà dúró. Ìdánwò pé oògùn kò pa àgbàlagbà lára kì í ṣe ẹ̀rí pé ó wo ọmọdé sàn. Ẹni tí ó bá tà yín ní ìyẹ̀fun tútù nínú ọkọ̀ pé ó ti gba gbogbo èyí, irọ́ ni ó pa. Síbẹ̀, àwa kò lè ka ìròyìn náà bí ẹni tí kò kàn. Ní ọdún kan tí a wà ní ibùdó kékeré kan tí a kò ní dárúkọ, iná kò sí fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn oògùn tí ó yẹ kí ó wà nínú òtútù sì bàjẹ́ gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A sin ọmọ mẹ́ta ní ìgbà òjò náà, ìgbẹ́ gbuuru ni ó pa méjì nínú wọn. A kò sọ pé oògùn tí ó bàjẹ́ ìbá ti gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ nípa oògùn tí kò bẹ̀rù ooru, a máa ń dúró gbọ́ ọ dópin.

Nígbà tí a sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì àwọn ọkùnrin, arákùnrin kan bi wá pé: títọwọ́ bọ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá ha kọ́ nìyí? Ìbéèrè rere ni. A dáhùn pé, bakitéríà ti ń fi DNA lé ara wọn lọ́wọ́ kí ènìyàn tó ní yàrá ìwádìí. Ìwà tí Griffith bá níbẹ̀ ni, kì í ṣe òun ni ó dá a. Arákùnrin náà kò gbà tán, àwa náà kò sì bá a wí, nítorí pé ohun kan wà nínú ẹ̀dá kò sọ pé kí a ṣe é bí ó ti wù wá. Ní tiwa, ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ibi tí a ó gbé fọ́nrán tí a yípadà sí. Èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbìn, inú ilé ni wọ́n ń gbìn ín, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ó wà. Ohun tí ń rìn, tí ó sì ń léfòó, tí afẹ́fẹ́ ń gbé káàkiri, kò yẹ kí a dà á sínú omi tí obìnrin Kanembu fi ń bọ́ ilé rẹ̀, láìbi í. Ní Nàìjíríà, òfin 2015 ni ó dá National Biosafety Management Agency sílẹ̀ láti ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ó mọ ìwé máa ka ohun tí ó ń kọ.

Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo ohun tútù ojú omi ni dihé. Àwọn kan nínú ìdílé yìí ní májèlé. Ní 1996, ní Caruaru ní ilẹ̀ Brazil, omi tí májèlé wọn wà nínú rẹ̀ wọ ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kíndìnrín, ó sì ju 50 ènìyàn lọ tí ó kú. Nítorí náà, bí omi adágún tàbí ti ìdí odò bá yí sí tútù tí ó sì ń ta ìfófòó, ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn mu ún. Sísè kò pa májèlé yìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìrìn náà fúnra rẹ̀ lè ṣe é láìní mikirosikóòpù. Kí ó wá ojú ẹrẹ̀ tí omi dúró lé, níbi tí ohun kan tí ó tútù tí ó sì dúdú díẹ̀ tẹ́ bí aṣọ. Kí ó fi ṣíbí bu díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ funfun, kí ó sì rọ omi òjò sí i kí ó kàn bò ó. Kí ó tò ó jọ sí àárín àwo. Lẹ́yìn náà kí ó fi páálí dúdú bo gbogbo rẹ̀, kí ó gé ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ páálí náà, kí ó gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, kí ó sì fi í sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá bá irú tí ń rìn pàdé, yóò rí i tí irun tútù wẹ́wẹ́ ti nà jáde láti àárín, tí wọ́n sì dojú kọ ihò náà. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí ó mú láti ibòmíràn. Ìgbà kẹta ni tiwa tó jẹ́. Kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó má sì lo àwo náà fún oúnjẹ mọ́. Ìyá àgbà tí ó bi wá léèrè ti rí tirẹ̀. Ó ní kí a bá òun wá páálí tí ó tóbi díẹ̀ síi.